Amọ̀ ló gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ Iléṣà ró, kì í ṣe símẹ́ńtì òyìnbó

Tí ènìyàn bá gba Òkèṣà ní Iléṣà kọjá, tó rí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ní òpó rìbìtì níwájú, tí orí fèrèsé wọn tẹ̀ kọrọdọ, tí wọ́n fi símẹ́ńtì ya òdòdó sí iwájú wọn, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé: "Òyìnbó ló kọ́ ìwọ̀nyí. Símẹ́ńtì ayé àtijọ́ ni, ojúlówó ni, òun ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó báyìí." Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń sọ ọ́. Bíríkìlà tí wọ́n pè wá tún ilé náà ṣe pàápàá ń sọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dunni jù, torí pé ohun tó gbà gbọ́ yìí ni yóò fi wó ilé náà.

Ẹ wá igun ilé kan tí símẹ́ńtì ara rẹ̀ ti bọ́, kí ẹ sì sún mọ́ ọn. Èèpo símẹ́ńtì kan wà níta tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, pupa ni gbogbo rẹ̀: amọ̀, òkúta yangí wẹ́wẹ́, èérún koríko gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó rí ìlà tó lọ gbọọrọ lára ògiri, tí ìlà mìíràn tún wà lókè rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì. Ibi tí ipele kan parí sí nìyẹn, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Lára ilé mìíràn, búlọ́ọ̀kù alámọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn lẹ ó rí dípò ipele. Ẹ fi tépù wọn bí ògiri ṣe nípọn lójú fèrèsé ìsàlẹ̀: íǹṣì 18 kì í ṣe ohun ìyanu, àwọn kan tó 24. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì tí à ń lò lónìí, íǹṣì 9 ni tàbí 6.

Ta ni ìbá fi símẹ́ńtì mọ ògiri tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Ọdún 1957 ni ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Nkalagu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti Ewékorò sì tẹ̀ lé e ní 1960. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé símẹ́ńtì wá láti òkè òkun sí Èkó. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, kò sì gba Iléṣà. Láti Òṣogbo, ó ku nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, orí ènìyàn ló sì kọ́kọ́ ń ru ẹrù kí mọ́tò tó dé. Ẹni tó bá fi irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ra símẹ́ńtì kò ní rọ́ ọ sínú ògiri níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Iwájú ilé ló máa fi ṣe ẹwà: òpó, ọwọ̀n kéékèèké ojú bákónì tí wọ́n rọ nínú mọ́ọ̀dù, òdòdó, orúkọ onílé àti ọdún tí wọ́n kọ sókè. Ẹ̀wù lásán ni símẹ́ńtì jẹ́ lára àwọn ilé wọ̀nyí. Ara ilé, amọ̀ ni.

Èdè wa pàápàá ṣì rántí. Mọ là ń mọ ilé, mọlémọlé la sì ń pe ẹni tó ń ṣe é, kí bíríkìlà tó dé. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kì í ṣe ti àná nílẹ̀ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí Iléṣà rárá, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ilẹ̀ ilé tí wọ́n fi àpáàdì tò ní ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí òyìnbó tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí inú iṣẹ́ náà ni ẹ̀rí wà. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀dú orí ilẹ̀ kúrò, torí pé gbòǹgbò àti ewé inú rẹ̀ máa ń jẹrà, á sì dá ihò sínú ògiri. Ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí omi lè wọ inú kókó, wọ́n á tún padà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa bù ú ní ìṣù, tí ẹnì kan ń jù ú, tí ẹnì kejì tó wà lórí ògiri ń hán an. Àdá ni wọ́n fi ń gé ara ògiri kó lè gún, okùn tí wọ́n so òkúta mọ́ nídìí ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Ipele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ikùn ògiri á yọ síta, kò sì sí bí a ṣe ń tì í padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí páànù lè wà lórí ilé kí òjò tó dé.

Ṣé amọ̀ lè gbé òkè? Ó ń gbé e. Ẹrù pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ ló ń lọ tààrà, amọ̀ gbígbẹ tó nípọn sì lágbára gidi láti ru ẹrù tó dúró lé e lórí. Wọ́n á ki igi ìrókò tàbí apá bọ inú ògiri méjèèjì, wọ́n á kan pákó lé e, ògiri òkè á sì fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Omi nìkan ni ọ̀tá ilé bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tó kọ́ wọn, àwọn tó ń dárúkọ Àgùdà sún mọ́ òótọ́ díẹ̀. Láti Èkó ni àpẹẹrẹ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni Àgùdà? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àti ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́, ló pọ̀ jù nínú wọn. João Esan da Rocha, tí ilé ìdílé rẹ̀ ní òpópónà Kakawa l'Ékòó di ìlú mọ̀ọ́ká torí omi tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. João Baptista da Costa, ọ̀gá Àgùdà tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ó ní Sanusi Aka, ọmọ Yorùbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ ṣe tàn kálẹ̀ nìyẹn, láti ọwọ́ ọ̀gá sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, títí ó fi dé àwọn ìlú òkè. Àwọn tó sì ń sanwó, àwọn oníṣòwò ni: Òṣómàáló tó ń gbé aṣọ kiri ìlú dé ìlú, tó ń tà á láwìn, tó sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Wọ́n rí ilé ní ìlú ọlọ́jà, wọ́n wá kọ́ irú rẹ̀ sílé. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Nàìjíríà, ọdún 1960 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ti dúró kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Orí ọ̀gá mọlémọlé àti ọ̀gá kápẹ́ńtà ni pílánù wọn wà, èèkàn àti okùn ni wọ́n sì fi fà á sórí ilẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń pa ilé nìyí. Onílé rí i pé ìdí ògiri ń hó, ó pe bíríkìlà, bíríkìlà fi símẹ́ńtì tó nípọn íǹṣì méjì rẹ́ ẹ láti ilẹ̀ dé ìgbáròkó, ó sì dán. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin láti inú ilẹ̀, á sì tú u dà sí afẹ́fẹ́ lára rẹ̀. Símẹ́ńtì tó nípọn ti ẹnu ọ̀nà yẹn pa. Ọ̀rinrin á wá máa gun òkè lẹ́yìn èèpo. Oòrùn mú, òjò rọ̀, símẹ́ńtì àti amọ̀ kì í fẹ̀ bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í súnkì bákan náà, nítorí náà símẹ́ńtì á sán. Òjò á gba ojú sísán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn bí ọdún mélòó kan, ohun tó wà lẹ́yìn èèpo dídán yẹn ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹrù òkè sì ṣì wà lórí rẹ̀. Ilé tó dà bíi pé ara rẹ̀ dá á wá rọ̀ lulẹ̀ lójijì nínú oṣù òjò, àwọn ènìyàn á sì ní, "Ẹ ò rí i, ilé alámọ̀ kì í pẹ́."

Ẹlòmíràn á bi wá pé, símẹ́ńtì iwájú ilé ńkọ́, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wa? Ó fẹ́lẹ́, abẹ́ bákónì àti etí òrùlé ló wà, inú ilé sì jẹ́ amọ̀ tí wọ́n kun ní ẹfun, nítorí náà ògiri ń rí ibi mí. Tí ẹ bá wá rẹ́ inú náà, tí ẹ lẹ táìsì mọ́ ọn, tí ẹ tún ṣe balùwẹ̀ sókè pẹ̀lú páìpù tó ń jò, ọ̀ràn ti yí padà.

Bí a ṣe ń tún un ṣe, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Páànù gbọ́dọ̀ yọ kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ìta. Ọ̀pọ̀ títì ni wọ́n ti da ọ̀dà lé lórí léraléra títí ó fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, omi títì sì ń sinmi sí ìdí ògiri. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó bo ìdí ògiri kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ ju ìpìlẹ̀ lọ, kí ẹ sì la gọ́tà tó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n mítà kan.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi igi ti òkè ilé ró, kí ẹ tó ṣí símẹ́ńtì ìdí ògiri kúrò ní mítà kan mítà kan, ẹ má ṣe ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Amọ̀ tí ẹ ó fi dí i kò gbọ́dọ̀ jẹ́ amọ̀ lásán, á sán. Ẹ bu ilẹ̀ náà sínú ìgò dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á wà lókè. Tí amọ̀ bá tó ìdá kan nínú márùn-ún, ó dára. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi iyanrìn kún un. Ẹ gé koríko gbígbẹ sí i, ẹ wọ́n omi sí ojú ògiri, ẹ dí i díẹ̀díẹ̀, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ju íǹṣì kan lọ. Láìmù àti iyanrìn, ọ̀kan sí mẹ́ta, ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ níta, kì í ṣe símẹ́ńtì.

Fún ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ẹ fi ìka kan ara ògiri lẹ́yìn òjò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, èèpo ti kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ tún padà kàn án lẹ́yìn òjò mìíràn. Tí àmì náà bá ti fẹ̀ sí i, ẹ kó àwọn tó ń sùn lókè ibẹ̀ kúrò kí ẹ tó pe oníṣẹ́.