Ẹ Yé É Purọ́ Mọ́ Ọyẹ́!

Inú ń bí mi gidi o! Ọyẹ́ ti gba gbogbo Abẹ́òkúta. Ètè ń là, gìgísẹ̀ ń sán, eruku ti bo páànù láti Lafẹ́ńwá dé Pánṣẹ́kẹ́. Orí náà kò gbádùn. Bí mo bá ti ki òòyà bọ irun, wẹ́wẹ́ ló ń já. Awọ orí ń yún mi, ó ń bó funfun sí èjìká àdìrẹ tí mo fowó gidi rà ní Ìtòkú.

Síbẹ̀ ọyẹ́ kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Àwọn onídìrí wa ni!

Iṣẹ́ ọyẹ́ kò ṣòro láti dá mọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti Sàhárà wá gbẹ táútáú, ṣe ló ń fa omi jáde nínú awọ orí àti nínú irun. Irun tiwa sì ká, òróró tí awọ orí ń sun kì í tètè dé ṣóńṣó rẹ̀, ìyẹn ni ṣóńṣó ṣe ń kọ́kọ́ gbẹ, tó sì ń já. Irun tó já kì í ní ìdí lára. Èyí tó bá fà tu, ẹ ó rí kókó funfun bíńtín lẹ́nu rẹ̀. (Irun 50 sí 100 lè bọ́ lórí èèyàn lójúmọ́, àìsàn kọ́ nìyẹn.)

Kí ló wá kan ọyẹ́ nínú ẹ̀bátí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu? Kí ló kàn án nínú iwájú orí ọmọdébìnrin tó ń dán? Fífà ni! Tí Kérésì bá ti ku díẹ̀, tí èrò kún ìsọ̀ wọn ní Kútọ̀, wọ́n á fi dráyà gbígbóná sun irun tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya á gbẹrẹgbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fà á débi tí ojú kò ní lè pa dé. Kéèyàn ké, wọ́n á ní, "Ẹ mú un mọ́ra, Àǹtí, á rọ̀ tó bá dọ̀la." Tí ẹ̀bátí bá wá pá tán, "Ọyẹ́ ni, mà." Irọ́ ni! Irun tí wọ́n bá ń fà léraléra, ìdí rẹ̀ lè kú, bó bá sì ti kú, kò sí òrí tàbí àdín tó lè jí i.

Òòyà kan náà ni wọ́n tún fi ń ya gbogbo orí. Làpálàpá orí ń ràn láti ara òòyà! Ìpara nìkan kì í sì í wò ó, oògùn mímu ni dókítà máa ń kọ. Ẹ ó tún gbọ́ pé ọyẹ́ ló bó orí ọmọ.

Ẹ wọ́n omi sí irun kí ẹ tó yà á, kí ẹ tó wá fi òrí sé omi náà mọ́ inú rẹ̀. Ẹ dì í kó dẹ̀! Mo ti sọ fún ẹni tó ń bá mi dirun: bó bá tún fà á, màá dìde níbẹ̀, ìbáà ku ìlàjì orí.