Ìtàn tuntun ń fa èrò o

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ibi tí ẹ ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣeré onítàn ní gbàgede kéékèèké fi ìtàn tuntun sílẹ̀, pé èyí táráyé ti mọ̀ ló ń pa owó, mi ò bá yín lọ níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945, ṣebí ohun tójú ará Èkó rí ni Hubert Ogunde, àgbà òṣèré orí ìtàgé, fi ṣeré?

Mo wà ní Freedom Park l'Ékòó lálẹ́ ọjọ́ kan (ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ kó tó di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010). Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, àpótí ìjókòó kan, abọ́ ẹja kan. Ó ní “Ààlọ́ o!”, a ní “Ààlọ̀!” Ìtàn ìyá ẹlẹ́ja kan ní Mákòókò ló ń pa, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. A ò pé ogójì. Nígbà tó dé ibi tí omi ti gbé ọkọ̀ lọ, ó wolẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ìdí abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin tó ń ta gúgúrú lẹ́yìn wa sì bú sẹ́kún.

Kì í ṣe ìtàn tuntun, owó tí wọ́n fi ń háyà gbọ̀ngàn ló ń lé irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ìtàgé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ìròyìn nípa ìyẹn.