Dòdò Ìkirè Kò Sí Nínú Ètò

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Ẹni tí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, tàbí tó ti jókòó ti ọ̀fọ̀ rí, yóò ti gbọ́ òwe yìí tó ìgbà mẹ́wàá. Òwe ìtùnú la sọ ọ́ dà. Nǹkan á wọ́, àgbàlagbà kan á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìgbà ò lọ bí òréré," gbogbo ilé á sì mi orí. Ọ̀pá ìbọn gún régé láti ìdí dé ẹnu, ìdí nìyẹn tí ọta fi ń dé ibi tí ọdẹ rán an. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ayé ń yà, ó ń wọ́, ó ń ṣẹ́ kọ́nà lójijì.

Mi ò bá àgbà jiyàn. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó pé ẹ̀gbẹ́ kan òwe yìí là ń jẹ, a kì í kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Kọ́nà tí ayé ń ṣẹ́ yìí, ṣé aburú nìkan ló ń lúgọ síbẹ̀ ni? Tí n bá ka àwọn ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù lórí ìka ọwọ́, èyí tí mo jókòó ṣètò rẹ̀ kò pé mẹ́ta. Orí kọ́nà ni mo ti pàdé ìyókù.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ìkirè.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ìbàdàn la ti gbéra, Ilé-Ifẹ̀ là ń lọ síbi ìgbéyàwó. Àǹtí mi àgbà ni olórí ikọ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n mọ̀ pé wọn kì í fi ètò ṣeré. Odidi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gba owó aṣọ lọ́wọ́ wa. Léèsì aláwọ̀ ọsàn, gèlè aláwọ̀ ewé, bàtà tó bá gèlè mu. Ẹni tó máa wé gèlè fún wọn ti kanlẹ̀kùn láti agogo márùn-ún ìdájí. Wọ́n tilẹ̀ kọ bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ sínú ìwé, mo fojú ara mi rí i: agogo méje, a ti gbéra, agogo mẹ́sàn-án, a ti dé, agogo mẹ́wàá, a ti jókòó sí iwájú, níbi tí ẹni tó ń pín oúnjẹ kò ti ní gbójú fò wá. Ìwé náà kò dárúkọ Ìkirè rárá.

A ti gba orí afárá odò Ọ̀ṣun kọjá, ó kù díẹ̀ ká wọ Ìkirè, ni èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú ọkọ̀. Omi rédíétọ̀ ti gbẹ kanlẹ̀, páìpù kan sì ti bẹ́. Awakọ̀ ní ká fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀yin náà mọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún awakọ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì fi dé, tó wò ó, tó tún gun ọ̀kadà lọ wá páìpù mìíràn, oòrùn ti wà ní àtàrí. A sá sábẹ́ igi kan. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Àǹtí mi ká ìwé wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká.

Ibẹ̀ ni onídòdò ti bá wa. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn mọ dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n wá fi epo pupa dín títí tó fi dúdú. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ìyá àgbàlagbà kan ló kọ̀ tí kò da ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nù. Ìyá náà kò jókòó pé òun fẹ́ dá oúnjẹ sílẹ̀ o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fẹ́ jẹrà.

Bàbá kan wà láàárín wa, ọmọ Iléṣà, àna ìdílé wa ni wọ́n. Wọ́n ra gbogbo dòdò tó wà lórí àtẹ ọmọ náà, wọ́n ní ká máa jẹ. Ni ìyàwó ilé wa kan bá pariwo: "Ẹ rọra jẹ ẹ́ o! Òṣómàáló ni Bàbá yìí!" Ọ̀rọ̀ àwàdà àtijọ́ ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ ayé ọjọ́un máa ń tajà láwìn káàkiri, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọn kò ní dìde títí wọ́n á fi gbowó wọn. Ẹ̀rín ni a rò pé Bàbá máa rín. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣẹ́ agbádá wọn sí èjìká, wọ́n sì lóṣòó gbàgà síwájú ìyàwó náà ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, wọ́n na ọwọ́: "San án."

Àǹtí mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé gèlè agogo márùn-ún ìdájí já bọ́. Bàbá yíjú sí wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà náà ń rẹ́rìn-ín? Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ bọ́ síta ká ríran." Ẹ gbà mí gbọ́, àǹtí mi tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tún ìró wọn fún, wọ́n bọ́ bàtà tó bá gèlè mu sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ síta. Ọmọ onídòdò dojú àtẹ rẹ̀ dé, ó ń fi lùlù. Ọkọ̀ tó ń kọjá ń fọn fèrè. Bàbá ṣubú sínú koríko pẹ̀lú agbádá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni, àmọ́ àǹtí mi kò gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí a fi dé Ifẹ̀, wọ́n ti ń tú àtíbàbà. Ìrẹsì ti tán. A kí ọkọ, a kí ìyàwó, a gba abọ́ ike kọ̀ọ̀kan fún ìrántí, a padà. Tí ẹ bá bi mí lónìí nípa ìgbéyàwó yẹn, mi ò rántí ju abọ́ ike náà lọ, òun gan-an sì ti fọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń fi òwe mìíràn kò mí lójú: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ti ọbẹ̀. Owó ń ra ẹran, ó ń ra ìgbín. Àmọ́ a ti gbé òwe ọbẹ̀ kúrò ní ìdí àdògán lọ sí ibi tí kò sí, a wá rò pé bí owó bá ṣe pọ̀ tó ni inú á ṣe dùn tó. Mo ti jókòó níbi àríyá tí olóhùn iyọ̀ ń kọrin, tí wọ́n ń ná owó bí ẹni ń da ọkà fún adìyẹ, tí mo ń wo aago.

Ẹ tún wo ọdún 1996. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ni Nàìjíríà bá Brazil pàdé nínú ìdíje bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì Atlanta ní Amẹ́ríkà, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Brazil ti gbá mẹ́ta wọlé, a ní ẹyọ kan. A tún rí pẹnáritì gbà, Okocha gbá a, kò wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò wa ló pa tẹlifíṣọ̀n wọn níbẹ̀ tí wọ́n lọ sùn. Ta ló máa bá wọn wí? Ikpeba gbá ọ̀kan wọlé, Kanu gbá òmíràn nígbà tí àkókò ti fẹ́ẹ́ tán pátápátá, ó di mẹ́ta sí mẹ́ta. Wọ́n fi àkókò kún un, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ló borí. Kanu náà ló tún jẹ ẹ́. Ṣe ni òru fọ́ bí àgbá. Àwọn tó ti sùn fi ṣòkòtò àwọ̀sùn jáde, ìyá wa fi ọmọrí ìkòkò lu ìkòkò tó yẹ kó fi tẹ ẹ̀bà ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti oṣù mélòó kan dì mọ́ ọn lójú títì.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, a na Argentina ní mẹ́ta sí méjì, a gba wúrà, orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á nínú bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì. Ìyẹn ló tóbi jù nínú ìwé ìtàn. Àmọ́ a ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ de ìyẹn, a ti to àga. Ẹ bi ẹni tó wà láyé nígbà náà pé kó sọ ìtàn Atlanta fún yín. Láti orí Brazil ló máa bẹ̀rẹ̀, àti láti orí ẹni tó sùn.

Àwọn baba wa mọ èyí jù wá lọ. Ètò ni pé kí aboyún dé ilé kó tó bímọ sọ́wọ́ ìyá àgbà. Nígbà mìíràn, ọmọ kì í gbà, ó lè dé lójú ọ̀nà oko tàbí lójú ọ̀nà ọjà. Wọn kò pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ìrìnàjò-bàjẹ́. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́. Èyí tó bá òjò dé ń jẹ́ Béjídé. Kọ́nà tí ọjọ́ náà ṣẹ́ ni wọ́n mú, tí wọ́n fi ṣe orúkọ tí ọmọ máa jẹ́ dọjọ́ alẹ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa gbé ayé bí ewé tí atẹ́gùn ń gbé kiri. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Awakọ̀ tí kò wo omi rédíétọ̀ kó tó gbéra kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ mi gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀lẹ nìyẹn, kì í ṣe orí ire. Àmọ́ babaláwo tó ń wo iwájú gan-an kì í dá Ifá lẹ́ẹ̀kan kó ní ó parí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Àṣìṣe tí àwa ṣe le ju ti awakọ̀ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan dá a lábàá pé ká tún Ìkirè ṣe. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. A dá owó jọ, a ran ẹ̀wù kan náà, a háyà ọkọ̀ tí kò lè bàjẹ́. A dúró sábẹ́ igi ọjọ́sí, a ra dòdò àtẹ méjì. Wọ́n bẹ Bàbá pé kí wọ́n lóṣòó kí a lè ká a sórí fóònù. Wọ́n lóṣòó. A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò fún. Kò pé wákàtí kan tí oníkálukú fi tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀, tí àǹtí mi ní orókún ń dun àwọn. Inú dídùn ló ń mú orí yá. Àwa fẹ́ fi tipá mú orí yá kí inú lè dùn.

Nítorí náà, ohun tí mo lè rọ̀ yín sí kò pọ̀: ẹ má ṣe fi ètò dí ọjọ́ yín pa bí ẹni di ẹrù sínú àpò. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Lóde òní, bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn láìpè ṣáájú, ojú fèrèsé la máa ń gbà yọjú wò ó bí olè. "Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ pè?" Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àlejò tó bá bá wa nídìí oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ dára ni wọ́n máa ń sọ fún un. Bí a bá jẹ́ mẹ́fà nílé, ìyá mi á wọn ìrẹsì ẹni mẹ́fà sínú abọ́, wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ti ta ni ìyẹn. Wọ́n ní ti ẹni tí a kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni. Ọjọ́ tí kò bá wá, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, nítorí náà mi ò mọ èyí tí mo máa ń gbàdúrà fún.

Àǹtí mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n wá sílé wọn lọ́jọ́ Àìkú. Mo bi wọ́n pé kí la fẹ́ ṣe, ṣé ìpàdé ẹbí ni, ṣé kí n mú nǹkan dání.

"Ìwọ ṣáà máa bọ̀."