Ben Hogan: ṣé orí ló gbé e débẹ̀ ni, àbí apá?

Àdìgún: Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Ben Hogan, ògbóǹtarìgì agbá gọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, jàǹbá ọkọ̀ ọdún 1949 ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìyanu ni, wọ́n á ní orí ló kó o yọ. Èmi ò gbà. Ọkùnrin yẹn ti jìyà iṣẹ́ náà fún nǹkan bí ogún ọdún kí bọ́ọ̀sì tó kọlù ú. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀fù wá oúnjẹ òòjọ́ ní 1930. Owó á tán lọ́wọ́ rẹ̀, á padà sílé, á tún jáde. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í lọ tààrà: á fò sókè dáadáa, á wá ṣẹ́ kọ́rọ́ sí òsì bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á. Àfi ní 1940, ní Pinehurst, kó tó dá ìdíje kan gbà fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Kí ló ń ṣe láàárín ìgbà yẹn? Ó wà lórí pápá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń wá ibi tí àṣìṣe náà fara pamọ́ sí. Apá ni mo pe ìyẹn.

Ìyá Bùkọ́lá: Àdìgún, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tọ́mọ náà ti wá ná. Bàbá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1922. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ben nígbà náà. Ó di ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní ibùdó rélùwéè ní Fort Worth, kó tó gbọ́ pé wọ́n ń sanwó fún ọmọ tó bá ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn olówó tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Glen Garden. Ká ní bàbá yẹn wà láàyè, ṣé ẹ rò pé ọmọ náà á mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀fù? Ó ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń jà á níyàn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló la ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Kọ́lá A.: Nínú Glen Garden kan náà ni Byron Nelson ti ń gbé àpò. Ọdún 1912 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ agbápò figagbága nígbà Kérésìmesì 1927, Nelson ló borí Hogan. Nelson yìí gba ìdíje 18 nínú ọdún 1945 nìkan, 11 nínú wọn léra wọn láìjá. Sam Snead, ọmọ 1912 bákan náà, gba ìdíje 82 láyé rẹ̀. Ti Hogan, 64. Kí la wá rí tí a fi ń fi Hogan ṣe olórí wọn? Ìtàn jàǹbá yẹn ló gbé e ga.

Àdìgún: Kọ́lá, àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin tí gbogbo agbá gọ́ọ̀fù ń lé (US Open, Masters, PGA, àti The Open ti ilẹ̀ Britain) ńkọ́? Nelson ní márùn-ún, Snead ní méje, Hogan ní mẹ́sàn-án. Snead gbá US Open títí ó fi darúgbó, kò gbà á rí. Hogan gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí o sì mọ̀ pé mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án yẹn, lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti fọ́ ni.

Ìyá Bùkọ́lá: Ẹ̀yin náà ti padà síbi jàǹbá nìyẹn.

Tìjání: Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. 2 Oṣù Kejì 1949 ni, lẹ́bàá Van Horn ní Texas, kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì Greyhound kan fẹ́ yọ ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀, ó bá ya sójú ọ̀nà Hogan. Hogan fi ara rẹ̀ bo Valerie ìyàwó rẹ̀. Irin ìdarí ọkọ̀ gún ìjókòó awakọ̀ ní àgúnyọ, ibi tí òun ì bá wà. Egungun ìbàdí, egungun èjìká, ọrùn ẹsẹ̀ òsì, gbogbo rẹ̀ ló kán. Ẹ̀jẹ̀ tún dì nínú iṣan rẹ̀, àwọn dókítà ní láti di iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yé wú mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, US Open ní Merion. Lọ́jọ́ Sátidé, ihò 36 ni wọ́n ní láti gbá lójúmọ́ kan. Báńdéèjì ni ó fi we ẹsẹ̀ méjèèjì láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Nígbà tó dé ihò tó kẹ́yìn, ó ní láti fi ìgbá mẹ́rin péré parí ìyẹn kó tó lè ta ọ̀mì. Ó fa ọ̀pá irin nọ́ńbà kìn-ín-ní yọ, ọ̀pá tó le jù lọ láti fi gbá bọ́ọ̀lù re, ó gbá a gúnlẹ̀ sórí koríko tó yí ihò ká, ó sì ta ọ̀mì. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn tó ta ọ̀mì tún jọ gbá a, ó fi 69 na Lloyd Mangrum tó gbá 73, àti George Fazio tó gbá 75.

Kọ́lá A.: Tìjání, o ò mẹ́nu ba kòkòrò. Ní ihò 16, ìgbá kan péré ni Mangrum fi wà lẹ́yìn. Kòkòrò bà sórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó fẹ́ ẹ dànù, wọ́n bá fi ìgbá méjì jẹ ẹ́ níyà. Apá Hogan kọ́ ló rán kòkòrò yẹn.

Àdìgún: Yọ méjì kúrò nínú 73, 71 ló kù. Hogan ṣì borí. Àti pé ní ihò 17 tó tẹ̀ lé e, láti ọ̀nà jíjìn ló ti ti bọ́ọ̀lù wọ ihò.

Tó bá jẹ́ Carnoustie ní 1953, kí lẹ máa sọ? Ìgbà yẹn nìkan ló lọ gbá The Open láyé rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ló ti dé Scotland, torí bọ́ọ̀lù tiwọn kéré ju ti Amẹ́ríkà lọ, ilẹ̀ wọn náà sì le. Ó kọ́ pápá yẹn bí ẹni ń kọ́ èdè. Ẹ wo bó ṣe gbá a láti ìpele kan dé ìkejì: 73, 71, 70, 68. Ó ń dínkù ni! Ó ti gba Masters àti US Open lọ́dún kan náà.

Ìyá Bùkọ́lá: Mo gbà fún yín lórí Carnoustie, ọmọ náà gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn lórí 1955. US Open, Olympic Club ní San Francisco. Hogan ti parí, gbogbo èèyàn ń kí i pé ó ti gba ìkarùn-ún. Jack Fleck, ẹni tí kò gba ìdíje ńlá kankan rí, wá bá a ta ọ̀mì. Ọ̀pá tí ilé iṣẹ́ Hogan fúnra rẹ̀ ṣe ló wà lọ́wọ́ Fleck! Lọ́jọ́ kejì Fleck gbá 69, Hogan 72. Àbí Hogan ò ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn ni?

Àdìgún: Màmá, Fleck náà ṣiṣẹ́.

Ìyá Bùkọ́lá: Ó ṣiṣẹ́ ju Hogan lọ?

Àdìgún: Rárá. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Tìjání: Ihò tó kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ìgbá kan ni Hogan fi wà lẹ́yìn Fleck. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ bó ṣe fẹ́ gbá a, bọ́ọ̀lù wọgbó lápá òsì, koríko sì ga. Ó gbá a, kò jáde. Ó tún gbá a, kò jáde. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí, gbogbo wọn mọ̀, òun náà mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó dé orí koríko tó yí ihò ká, ó tì í láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé.