Bàálù kì í já bọ́ bí àgbọn tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá kú, ẹ yéé dẹ́rù ba àwọn ìyá wa

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìkómọjáde kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti wa tírélà fún ọ̀pọ̀ ọdún dìde pẹ̀lú ife sọ́dà lọ́wọ́, wọ́n ní "bàálù ò dà bí mọ́tò o, tí mọ́tò bá kú ẹ ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bàálù bá kú lókè, ó ti parí nìyẹn, bí àgbọn ló máa já bọ́." Gbogbo àgọ́ ń mi orí. Tàǹtí mi wà níbẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin bímọ ní Paris lóṣù tó kọjá, físà ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, ọṣẹ dúdú àti àdí ti wà nínú báàgì. Nígbà tó dalẹ́ wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, àwọn á máa wo ọmọ náà lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mi ò sùn dáadáa. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí! Ọjà ni mò ń rà ní Dubai àti Guangzhou, láti 2009 ni mo ti ń wọ bàálù, lọ́dún míì mo lè wọ̀ ọ́ tó ogún ìgbà, kò sì sí ibi tí mo dé tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbọn yìí, ní Wandó, ní Kétu, nínú táksí Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ́ náà ò bi ara wọn léèrè rí pé báwo la ṣe mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló gbé bàálù dúró sókè, apá ló gbé e. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kó máa tì í síwájú kí atẹ́gùn lè máa ré kọjá lórí apá yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, pílọ́ọ̀tì á tẹ imú bàálù wálẹ̀ díẹ̀, ìwúwo bàálù fúnra ẹ̀ lá wá máa fà á lọ, bí ìgbà téèyàn pa zẹ́mì, ọ̀kadà wa níbí, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó sì ń yọ̀ lọ láìjó epo. Ṣebí gbogbo wa la ti rí àwòdì lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbí lọ́sàn-án gangan, tó na apá síta tí kò jù ú rárá, tó ń yí po lókè títí ọrùn á fi máa ro ẹni tó ń wò ó? Àwòdì máa ń rí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé e gòkè, bàálù ò ní ìyẹn, nítorí náà òun á máa sọ̀. Ṣùgbọ́n sísọ̀ kì í ṣe jíjá bọ́.

Bàálù ńlá tó ń kó èrò, tó bá sọ̀ kìlómítà 1, á ti rìn tó 15 síwájú, àwọn míì tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kìlómítà 10 tàbí 11 lókè ni wọ́n sì máa ń fò. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín. Tí gbogbo ẹ́ńjìnnì bá kú lórí Kétu, bàálù yẹn ṣì lè yọ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú Cadjéhoun ní Kútọnu, torí tẹ́ ẹ bá fa okùn tààrà láàárín méjèèjì kò tó kìlómítà 130. Ó sì lè gbà á tó ogún ìṣẹ́jú. Àgbọn wo ló ń lo ogún ìṣẹ́jú kó tó kan ilẹ̀?

Àwọn tó ń bẹ̀rù yìí ti yọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, wọn ò kàn mọ̀ ni. Tí bàálù bá kù bí ìdajì wákàtí kó balẹ̀, pílọ́ọ̀tì á dá ẹ́ńjìnnì padà síbi tó kéré jù, ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ tì í mọ́, á wá jẹ́ kó máa yọ̀ wálẹ̀. Lọ́dún tó kọjá tí mò ń ti Addis Ababa bọ̀ wá sí Kútọnu, ẹ̀yìn apá ni mo jókòó, màmá kan láti Ìfọ̀nyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Lójijì ariwo tó ti wà létí wa láti bíi wákàtí márùn-ún lọ sílẹ̀, húùùn yẹn di ṣììì, omi inú ife mi dà síwájú díẹ̀, bisikíìtì bọ́ lọ́wọ́ màmá, wọ́n di apá mi mú, èékánná wọn wọ mí lára, wọ́n ní "Ọmọ mi, ó ti kú!" Mo ní màmá, kò kú, wọ́n dín in kù ni, a ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹ wo ojú fèrèsé. Wọ́n wò ó. Apá bàálù na gbọọrọ, kò mì, ìkuukùu ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. A ń lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi rí òkun. Nígbà tó yá wọ́n ṣa bisikíìtì wọn nílẹ̀, wọ́n fẹ́ eruku kúrò lára ẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Tẹ́ ẹ bá ní ìyẹn ò tó, ẹ gbọ́ èyí. Lóru ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2001, bàálù Airbus A330 kan ń ti Toronto lọ sí Lisbon, èèyàn 306 ló wà nínú ẹ̀, páìpù epo kan ya lára ẹ́ńjìnnì ọ̀tún, epo ń dà sófo lórí òkun Àtìláńtíìkì, ẹ́ńjìnnì kan kú, kò pẹ́ èkejì náà kú, òkùnkùn biribiri, omi nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ó yọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 19, ó tó kìlómítà 120, ó sì balẹ̀ ní Lajes ní erékùṣù Azores. Táyà bẹ́, àwọn kan fara pa, ẹnì kankan ò kú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí jù níbẹ̀ ni pé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ pápákọ̀ òfuurufú yẹn, ó ṣì ga jù! Àfi kí pílọ́ọ̀tì yí i po odindi kan, kó tún máa fì í sọ́tùn-ún sósì kó lè sọ̀ tó. Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì kankan ló ń wá bí á ṣe sọ̀ o.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Kánádà ní 1983, Boeing 767 kan tí wọ́n fi pọ́ùn ka epo dípò kílò, epo tán lókè, ó yọ̀ lọ balẹ̀ ní Gimli, èèyàn 69 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló yè, òun náà ga jù nígbà tó dé, pílọ́ọ̀tì ní láti fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yọ̀ wálẹ̀. Ní 1982, eérú òkè oníná pa ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bàálù British Airways kan nítòsí Jakarta, ó yọ̀ títí tí wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì tan, ó balẹ̀. Ti bàálù tó balẹ̀ sórí odò Hudson ní New York ní 2009 ńkọ́? Ẹyẹ ló pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì, bàálù ò tíì ga tó kìlómítà kan, síbẹ̀ gbogbo èèyàn 155 ló jáde láàyè.

Wọ́n á tún ní ti àwọn bàálù kékeré àwọn olówó ńkọ́, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì kan. Mo ti wọ̀ ọ́. Ọ̀gá kan tí mò ń bá ra ẹ̀rọ háyà ẹ̀ lọ sí Parakou, ẹ̀yìn pílọ́ọ̀tì gan-an ni mo jókòó, mo sì bi í ní ìbéèrè àgbọn yìí. Kò fèsì, ó wo ọ̀gá, ọ̀gá ní kó fi hàn mí. Ó fa ọwọ́ ẹ́ńjìnnì padà sẹ́yìn pátápátá, ariwo rọlẹ̀, ó wá nàka sí aago tó ń sọ bá a ṣe ga tó. Ọwọ́ aago yẹn ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń rí àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan ó tì í padà, a ń bá ìrìn wa lọ.

Ti ìjàǹbá bàálù ní Kútọnu ní ọjọ́ Kérésìmesì 2003, èyí tí wọ́n máa ń fà yọ jù, mi ò ní sọ ọ́ bí eré, ó lé ní 130 èèyàn tó kú, mo mọ ilé tó ṣì ń sunkún ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Boeing 727 yẹn ò kú. Ẹrù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ sì wà níwájú, kò lè gòkè, ó kọ lu ilé kan lópin ọ̀nà ìsáré. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n wa tírélà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí àpọ̀jù ẹrù máa ń ṣe.

Mo gbà pé tí gbogbo ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀, tàbí láàárín òkun tí pápákọ̀ jìnnà, ọ̀rọ̀ náà le. Ó le gan-an. Ṣùgbọ́n òfin ni pé bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ń kó èrò gbọ́dọ̀ lè gòkè pẹ̀lú ẹyọ kan tí èkejì bá kú lórí ìsáré, kí méjèèjì tó lè kú pọ̀ nǹkan ti bàjẹ́ gidi gan-an nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ bá Tàǹtí láti ọjọ́ Àìkú. Àná ni wọ́n ní àwọn á lọ tí mo bá tẹ̀ lé àwọn. Mo ti sún ìrìn Dubai mi síwájú, ọjọ́ Jímọ̀ la jọ ń lọ, mo mú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún wọn, lẹ́yìn apá gan-an. Tó bá kù díẹ̀ ká dé Paris tí ariwo yẹn bá lọ sílẹ̀, màá fọwọ́ kàn wọ́n léjìká kí wọ́n gbọ́ ọ.