Òrìṣà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni mò ń wá

Nígbà kan, a tẹ ìwé ètò ìsìnkú igba fún ìdílé kan níbí ní Ṣómólú. Mo ń ká a lọ́wọ́ ni ojú mi kan iwájú rẹ̀: "Ìyà wa ọ̀wọ́n". Ìyà, kì í ṣe ìyá. Àwọn ọmọ fẹ́ sin ìyá wọn, àwa bá wọn kọ ìyà sórí ìwé. Ọ̀gá mi kò tilẹ̀ pariwo. Ó na bírò dúdú kan sí mi, òun náà mú ọ̀kan, a jókòó ti igba ìwé náà, à ń fa àmì òkè gba orí àmì ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a máa fi parí, lẹ́tà "a" tó wà níbẹ̀ dà bí ẹni tó dé fìlà.

Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi ń kàwé. Ìwé ìtàn tí iwin, òrìṣà tàbí àjèjì ojú sánmà bá ti wà nínú rẹ̀ ló máa ń gba owó lọ́wọ́ mi. Mo ń kà á nínú danfó, mo ń kà á lórí ìdì bébà nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Láti bí ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí, àwọn ọmọ wa ti ń kọ irú ìwé yìí lóríṣiríṣi, àwọn òyìnbó ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fún wọn lẹ́bùn. Bí ọ̀kan bá ti jáde báyìí, ẹnì kan á fi àwòrán ẹ̀yìn ìwé ránṣẹ́ sí mi: "Ìwọ tó fẹ́ràn òrìṣà, wo èyí." Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n orúkọ òrìṣà nìkan kò yó mi mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018. Mi ò ní purọ́, òru méjì ni mo fi kà á. Ọmọbìnrin tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ nítorí idán, tó wá ń wá bí idán á ṣe padà, ta ni kò ní tẹ̀ lé e? Ìlọrin inú ìwé náà, orí omi òkun ló wà. Ìbàdàn rẹ̀, orí òkè tó tutù nini. Ẹ̀rín ni ìyẹn pa mí. Ọmọ Ìlọrin kan tó ń gé bébà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí wa ní kí wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé òun relé. Ìlú idán ni, ẹni tó kọ ọ́ láṣẹ.

Ọfọ̀ ibẹ̀ ni kò wọ̀ mí létí. Yorùbá ni wọ́n fi ń pè é lóòótọ́, àmọ́ Yorùbá àdúrà ni, bí ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ tó ń tọrọ ìbùkún. Bẹ́ẹ̀, ọfọ̀ kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́ ìjúbà tí ọmọdé pàápàá mọ̀: bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ta ló bẹ ilẹ̀ níbẹ̀? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kàn rán ilẹ̀ létí ohun tó máa ń ṣe fún ekòló ni, ó wá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ so mọ́ ọn: ilẹ̀ tó lanu fún ekòló kò gbọdọ̀ panu dé mọ́ òun. Ọ̀nà tí gbólóhùn náà gbà rìn ni agbára rẹ̀ wà, kì í ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì lọ́wọ́ ẹni tó ń pè é. Ẹ tún wo orúkọ ilẹ̀ náà, Orïsha. Àmì méjì tó jókòó sórí "i" yẹn, mo wá iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ títí, n kò rí i. Ìwé kẹta nínú ìtàn yìí tó jáde ní 2024, ìdajì ni mo kà á dé.

Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà á mọ ohun tó ń dùn mí. Nínú ìwé rẹ̀, Igbó Olódùmarè, Èṣù-kékeré-òde pàdé Olówó-ayé lójú ọ̀nà. Ó ń ṣe fáàrí bí agbèrò tó di ẹnu ọ̀nà mú ní Òṣòdì. Kí wọ́n tó jà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu na ara wọn dáadáa. Iwin ni, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo ti sanwó fún irú rẹ̀ rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Shigidi and the Brass Head of Obalufon, ìwé Wole Talabi tó jáde ní 2023. Ẹ wo ẹni tó fi ṣe olórí ìtàn. Kì í ṣe Ṣàngó, kì í ṣe Ọya. Ṣìgìdì ni, amọ̀ tí wọ́n máa ń rán kó lọ tẹ èèyàn láyà lójú oorun. Nínú ìwé yìí, àwọn òrìṣà ní ilé-iṣẹ́, àdúrà ni owó oṣù wọn. Ìwọ̀nba àwọn tó ṣì ń bọ Ṣìgìdì kò tó nǹkan, iṣẹ́ ti sú u, tipátipá ló fi ń dá wọn lóhùn kí ó ṣáà lè pẹ́ láyé títí dórí ìgò ọtí tó kàn. Ọjọ́ Ẹtì kan tí àwa náà kò tíì rí owó wa gbà ni mo ka ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí kọ̀ndọ́kítọ̀ fi wo ẹ̀yìn.

Àwọn àgbà ní ẹ̀tẹ́ ló ń wu Ṣìgìdì tó ní kí wọ́n gbé òun sójò. Ìlà kan péré ni tiwa, a ó sọ ọ́, a ó rẹ́rìn-ín, ó tán. Talabi jókòó ti Ṣìgìdì, ó bi í pé kí ló dé tí òjò fi wù ọ́? Òun àti Nneoma, obìnrin abàmì tó ń fa ẹ̀mí ọkùnrin lórí ibùsùn, fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, bí wọ́n ṣe bọ́ sínú iṣẹ́ olè nìyẹn: kí wọ́n lọ gbé orí idẹ Ọbàlùfọ̀n nínú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Orí Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn orí idẹ pàdé nínú ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bá ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1938 yìí kan náà ni ilé ìtẹ̀wé CMS gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde. Èmi tí mò ń jẹun nídìí ìwé títẹ̀, mi ò lè rí ọdún yẹn kí n má dúró. Orí jáde ní Ifẹ̀, ìwé jáde ní Èkó. Ìwé ṣì wà lọ́dọ̀ wa, orí lọ.

Ó ní àléébù o. Ìtàn náà ń fò síwájú, ó ń fò sẹ́yìn, ìgbà méjì ni mo padà lọ wo ibi tí mo wà. Eré ìfẹ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé mo ní láti da ìwé dé nínú danfó nítorí ìyá kan tó jókòó tì mí tó ń yọjú.

Rosewater ti Tade Thompson náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 2066 ni. Ilé rìbìtì kan tí àjèjì ojú sánmà gbé wá wà ní Nàìjíríà, ìlú kan sì hù yí i ká. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ilé náà máa ń ṣí, aláìsàn tó bá wà nítòsí á rí ìwòsàn, nígbà mìíràn ní ọ̀nà tí kò fẹ́. Ẹni tó bá ti rí bí èrò ṣe ń wọ́ lọ sí pápá ìwòsàn kò ní béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Nítorí òórùn burúkú ni wọ́n fi sọ ìlú náà lórúkọ olóòórùn dídùn, bí ìgbà tí a bá ń pe ẹni gíga fíofío ní Kúkúrú. Olórí ìtàn ń jẹ́ Kaaro. Kò sí àmì lórí rẹ̀, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni mo ń kí i ní "káàárọ̀". Ó lè wọnú ọkàn èèyàn, ó ti jalè rí, kí ló wá ń fi gbogbo agbára yẹn ṣe? Ó ń ṣọ́ bánkì kí àwọn oníjìbìtì tó ń ka ọkàn má bàa wọlé. Iṣẹ́ ọdẹ! Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo le jù, pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣe é kí òyìnbó lè gbọ́. Òyìnbó ló fún ọdẹ bánkì yìí ní ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019.

Ti Suyi Davies Okungbowa, Lost Ark Dreaming, ọjọ́ tí òjò dí wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo kà á, tí a kó bébà sórí tábìlì nítorí omi ti dé kókósẹ̀. 2024 ló jáde. Òkun ti bo Èkó, àwọn tó kù ń gbé inú ilé gogoro, olówó lókè, mẹ̀kúnnù nísàlẹ̀ lábẹ́ omi. N kò nílò àlàyé kankan. Ibi tí a ti ń ṣeré ní Bar Beach nígbà kékeré mi, yanrìn ni wọ́n dà sí i, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìwé náà kàn kúrú fún mi ni. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń ta ẹja nísàlẹ̀ ilé yẹn, àti ẹni tó ń gba owó ọmọ onílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò sí mọ́.

Ọ̀gá mi ti yá Shigidi mi báyìí. Kò ka ìwé ìtàn láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé, àmọ́ nígbà tí mo wọlé lánàá, bírò pupa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi àmì ohùn sórí orúkọ àwọn òrìṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti dé ojú ewé kẹrìnlélógójì. Mo ní kó má ba ìwé mi jẹ́. Ó ní kí n ní sùúrù kí òun kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ọbàlùfọ̀n.