Iṣẹ́ ẹrú, ìjíṣẹ́ ọmọ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ orin fún eré orí ìtàgé ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀, torí ká sòótọ́, kò sí iṣẹ́ olórin tí wọ́n ti ń rán èèyàn bí ẹrú tó èyí. Dáírẹ́kítọ̀ á ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lòun fẹ́, tó bá dọjọ́ kejì ní rìhásà á ní kẹ́ ẹ gé e sí ìdajì, kẹ́ ẹ tó gé e tán wọ́n ti yọ gbogbo ibẹ̀ kúrò nínú eré, orin yín bá a lọ.

Ẹ wo Edvard Grieg, ọmọ Norway tó máa ń kọ orin. Ní 1874, Henrik Ibsen tó ń kọ eré orí ìtàgé kọ̀wé sí i pé kó wá kọ orin sí eré òun, Peer Gynt, ó sì ti la ohun tó fẹ́ sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ yẹn ni Grieg lára gan-an, ó ń ráhùn ṣá, àwọn ará tíátà ló tún ń sọ bí orin kọ̀ọ̀kan ṣe máa gùn tó. 1876 ni wọ́n tó ṣe eré náà ní Christiania, ìyẹn Oslo òde òní. Orin òwúrọ̀ tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkè Norway ló ń sọ, Morocco leré wà níbẹ̀ yẹn o! Nígbà tó di 1888 Grieg ṣa mẹ́rin jọ nínú àwọn orin yẹn, ọ̀kẹ́sítírà ń lù wọ́n títí dòní láìsí òṣèré kankan níbẹ̀. Ti Schubert, ọmọ Austria tóun náà ń kọ orin, tiẹ̀ tún le jù: eré Rosamunde tó kọ orin sí ní Vienna ní 1823, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe eré náà. Orin ẹ̀ ṣì wà.

Àmọ́ kí orin dùn nìkan kọ́ là ń pè ní jíjíṣẹ́ bí ọmọ. Níbi tí òṣèré bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má fi fayọlíìnì síbi tóhùn ẹ̀ wà gan-an, wọ́n á bo ara wọn mọ́lẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ sítéèjì, ẹ kọ ibì kan táwọn olórin lè máa tún lù, torí lálẹ́ ọjọ́ kan tábìlì á há sẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó yẹ kó wọlé ṣì ń wá bàtà ẹ̀ kan, orin sì gbọ́dọ̀ dúró dè é láìjẹ́ káwọn òǹwòran fura. Àwọn kan á ní àwọn ti ka ìwé eré tán, ó ti tó. Kò tó jàre, ẹ lọ jókòó sí rìhásà.

Ọmọ tó jíṣẹ́ yìí náà ló yẹ kó jogún o. Jean Sibelius, ọmọ Finland tó máa ń kọ orin, kọ orin fún Kuolema, eré tí Arvid Järnefelt, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀, kọ, ní 1903. Ijó kan nínú ẹ̀, Valse triste, wá gbayé kan, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń lù ú, àmọ́ àpò àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde lowó ń wọ̀, torí Sibelius ti ta á lówó táṣẹ́rẹ́. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bèèrè: tí wọ́n bá gbé eré lọ sílùú míì ńkọ́, tí wọ́n bá ká a sí fídíò ńkọ́, ta ló lorin tí eré bá kásẹ̀ nílẹ̀? Tí wọ́n bá ní ẹ má ṣèyọnu, àwọn á rí sí i, ẹ ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.